Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Nínú Ọkọ̀ Akọ̀wé

Rewáyà kì í mu tíì gbígbóná. Ó yẹ kí á fi èyí lélẹ̀ ná kí á tó sọ ohunkóhun mìíràn nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yóò gbé tíì náà kalẹ̀ láàárọ̀, èéfín yóò máa rú lórí rẹ̀, Rewáyà yóò wò ó tìfẹ́tìfẹ́, yóò fi àwo kékeré dé e, yóò sì wá nǹkan mìíràn lọ ṣe. Ìgbà tó bá ti tutù pátápátá ni yóò padà wá jókòó tì í, tí yóò sì máa fẹ́ ẹ kí ó tó mu ún. Wọ́n ti bi í léèrè ìdí tó fi ń fẹ́ ohun tó ti tutù. Ó ní ìṣọ́ra ni.

Iná ọkọ̀ ni ó ń tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Rewáyà, títí kan àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alágbàfọ̀, kò fẹ̀ ju ìwọ̀n ọkọ̀ kan àti ìdajì lọ. Ó kó wáyà kọ́ sára ògiri ní àwọ̀ àwọ̀, pupa, dúdú, yẹ́lò, bí ẹni tó ń ta rìbọ́ọ̀nù. Omi bátìrì ti jẹ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi dà bí asẹ́. Ó jẹ àwọn ṣòkòtò rẹ̀ náà, ìyàwó rẹ̀ sì ti lẹ̀ wọ́n títí ó fi sú u.

Ọkọ̀ àtijọ́ ló mú orúkọ rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan wá, yóò kó ọwọ́ sẹ́yìn, yóò yí i ká bí dókítà tó ń wo aláìsàn tí kò ní ìrètí, yóò wá kọjú sí ẹni tó ni ín.

"Kí lẹ wá fẹ́ ká fi sí i lára?"

"Ibi tí mo ti lè máa gba iná sí fóònù mi ni o."

"Ọkọ̀ tó ju bàbá yín lọ lọ́jọ́ orí. Òun lẹ fẹ́ kó máa bọ́ fóònù yín."

Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ìwàásù rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ìsinsìnyí, ẹsẹ̀ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ni wọ́n ń so mọ́ irin ara ọkọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan, pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ọn, ẹni tó bá sì so nǹkan ìgbàlódé mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè, èéfín ni yóò fi gba èsì. Agbára wọn náà kéré. Fóltì mẹ́fà ni wọ́n ń lò, nígbà tó jẹ́ pé méjìlá ni ohun gbogbo tí wọ́n ń tà lóde òní ń béèrè. Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà tí kò gbọ́ ìwàásù yìí rí, títí kan obìnrin kan tó kàn yà síbẹ̀ láti béèrè ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n ní ó gbọ́ ọ dé òpin, ó dúpẹ́, ó sì bá ọ̀nà mìíràn lọ.

Ara ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní kóòtù, òun ló máa ń pe orúkọ àwọn tó ní ẹjọ́, wọ́n sì ń pè é ní Akọ̀wé títí di òní. Ohùn rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí kò ní ẹjọ́ kankan, tí wọ́n kàn ń kọjá lọ lójú pópó, fi máa ń dúró wo ẹ̀yìn. Ọwọ́ adájọ́ kan tó fẹ̀yìn tì ló ti gba ọkọ̀ náà. Àwọ̀ ewé ni, iná iwájú rẹ̀ rí róbótó bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójijì. Ọmọdé ni Rewáyà nígbà náà. Ó ki sípánà bọ ibi tí kò yẹ, iná ta pàrà, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ jó. Akọ̀wé yọjú láti ojú fèrèsé.

"Ó dùn ọ́?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi."

"O tún fẹ́ fọwọ́ kàn án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Akọ̀wé wọ aṣọ rẹ̀, ó gbé e jókòó síwájú ọkọ̀ kan náà, ó wà á lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó wá kọ́ ọ níṣẹ́. Kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ibẹ̀. Rewáyà kò gbàgbé ọjọ́ náà. Ní gbogbo ayé rẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ni ẹnìkan wo àṣìṣe rẹ̀ tí ó sì rí iṣẹ́ nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹ̀dọ̀fóró Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Yóò dìde láti wá bàtà rẹ̀, yóò tún jókòó kí ó tó rí i. Àwọn dókítà gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ kan tí kò ju páálí bàtà lọ. Ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́ yàrá wọlé, ó ń sẹ́ ẹ, ó sì ń fi èyí tó dára jù ránṣẹ́ gba inú ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ihò imú rẹ̀. Ó máa ń kùn láìdákẹ́. Bí ọ̀pá náà bá wà nímú Akọ̀wé, ara rẹ̀ ń balẹ̀, ó tilẹ̀ ń bú ènìyàn. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ètè rẹ̀ yóò máa ṣú.

Ìyá wọn ni wọ́n kò sọ fún. Ìyá náà ń gbé ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn odò, pẹ̀lú obìnrin kan tó ń tọ́jú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ṣú, kò ríran mọ́, àmọ́ kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀. Ní gbogbo ìparí oṣù ni Akọ̀wé máa ń wa ọkọ̀ lọ kí i, láti orí afárá ni ìyá ti ń dá ìró ọkọ̀ náà mọ̀, yóò sì ní kí wọ́n gbé omi kaná. Nígbà tí ìró náà dákẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́. Ìyá ní iṣẹ́ wo, ṣebí ó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n wá ní kí Akọ̀wé bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó pa ẹ̀rọ kí ìyá má baà gbọ́ ọ, ó yọ ọ̀pá kúrò nímú, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba èémí tó ní, ohùn náà sì jáde tín-ín-rín bíi ti ọmọ iléèwé. Ìyá fi sùúrù gbọ́ ọ tán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé fóònù padà fún obìnrin náà.

"Ọmọ yẹn gbìyànjú," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi kọ́ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹun bó ṣe yẹ mọ́. Ọmọbìnrin Akọ̀wé, tó jẹ́ tíṣà, ló lọ wò ó, òun ló sì mú iṣẹ́ tí ìyá àgbà rán wá fún wọn: ìyá ti mọ̀ pé Akọ̀wé ti kú, kò bínú pé wọ́n fi pamọ́ fún òun, kí wọ́n kàn sọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ jókòó níbẹ̀, ọ̀pá wà nímú rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìsìnkú ara rẹ̀. 

"Mo ní láti lọ," ó ní.

"Ẹ jẹ́ ká gba takisí, bàbá," ni ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn.

"Takisí kẹ̀? Á gbọ́ ọkọ̀ àjèjì, á béèrè ọkọ̀ mi. Kí n tó dáhùn ìyẹn tán, á béèrè ohùn mi. Mi ò lè pa irọ́ méjì pọ̀ mọ́ra. Èémí tí mo ní ò tó o."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí Rewáyà. "Bàbá kékeré, bátìrì tó wà nínú ẹ̀rọ yìí ò lè gbé wọn dé ìdajì ọ̀nà. Àfi tí ọkọ̀ bá lè máa fún un níná."

"Iṣẹ́ mi nìyẹn," ni Rewáyà wí.

"Dúró ná," ni Akọ̀wé sọ. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di bátìrì míì sínú ọkọ̀ mi. Kí ọkọ̀ gbé bátìrì, kí bátìrì gbé ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ wá gbé mi. Ta wá ló lọ kí ìyá ẹ̀ nínú gbogbo wa? Ọkọ̀ mi ló máa gbé mi lọ. Bí ò bá lè ṣe é, kí wọ́n lọ fi ibi tí wọ́n sin mí sí han ìyá mi."

Rewáyà wá àpótí kékeré kan tó ń sọ fóltì mẹ́fà di méjìlá. Ó gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó tẹ ara sínú rẹ̀, ó ń fọn súfèé. Akọ̀wé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Rewáyà mú wáyà dúdú àpótí náà, ó so ó mọ́ irin ara ọkọ̀ bí ó ti ń so ó láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn nínú gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń gbé wá bá a. Ó so pupa mọ́ ẹsẹ̀ bátìrì tó kù. Súfèé náà kò tíì parí nígbà tí àpótí ké ṣìì, tí èéfín sì yọ.

Rewáyà yára tú wáyà náà.

"Àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Èéfín yẹn, ara iṣẹ́ ni?"

"Ara iṣẹ́ ni."

"Ó dáa. Mo ti rò pé àṣìṣe ni."

Rewáyà palẹ̀ mọ́, ó lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ so ó sódì ni?"

"Ọwọ́ mi ló so ó."

"Ta ló ni ọwọ́?"

"Mo ti ń bá ọwọ́ yìí gbé láti kékeré. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí."

Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí i pé kì í ṣe eré. Àpótí tó jó kọ́ ló ń dun Rewáyà. Ohun tó ń rò ni pé ká ní àpótí náà kò jó lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Ká ní ó dúró títí wọ́n fi dé àárín ọ̀nà, tí ẹ̀gbọ́n òun ti gbẹ́kẹ̀ lé e, kí ó tó jó? Gbogbo ayé ni òun ti wàásù fún nípa ọkọ̀ tí wọ́n so sódì, ara ọkọ̀ tó kọ́ òun ní ìwàásù náà gan-an ni òun ti wá ṣì í. Ọwọ́ kò béèrè lọ́wọ́ orí kí ó tó lọ.

"Ẹ sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Wọ́n á gbà. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Wọ́n á gbà, wọ́n á wá jókòó sílé kú, kí ọ̀rọ̀ ìyá wa má baà di irọ́."

Ohun tó ṣe nìyí. Ó wá bátìrì tuntun onífóltì méjìlá, ó gbé e sínú àpótí igi, ó fi rọ́bà tẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó sì tì í sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tí Akọ̀wé ń sùn lọ́sàn-án. Wáyà rẹ̀ gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sí iwájú, níbi tí ẹ̀rọ yóò wà, kò fara kan irin ọkọ̀ níbì kankan. Kò lu ihò kan ṣoṣo. Ó wá fa wáyà mìíràn, tó dára lójú, tó ń dán, jáde láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wá sídìí ẹ̀rọ. Wáyà yìí kò so mọ́ nǹkan kan lókè lọ́hùn-ún. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó pe ìyàwó rẹ̀ wá kí ó máa ka àwọ̀ wáyà sókè fún òun bí òun ti ń fọwọ́ kàn wọ́n, nítorí ó ti ń fura sí ọwọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé wò ó nígbà tó jí. "Ọkọ̀ ló ń fún un níná?"

"Inú ọkọ̀ ló ti ń wá, ẹ̀gbọ́n mi."

Kò purọ́.

Òwúrọ̀ tí wọ́n lọ, kùrukùru bo ojú ọ̀nà débi pé wọ́n ní láti tan iná iwájú. Akọ̀wé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù kóòtì tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láyé ọjọ́un. Ẹ̀rọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń kùn. Ọkọ̀ ronú díẹ̀ kí ó tó gbà láti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ó gbà. Wọ́n lọ jẹ́jẹ́. Akọ̀wé ń bú gbogbo awakọ̀ tó kọjá wọn, ara rẹ̀ sì yá gágá.

Níbi tí ojú irin ti dábùú ọ̀nà, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lọ, wọ́n dúró. Bí ẹ́ńjìnnì ti rọra ń sáré lórí ìdúró, iná iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ bó ti máa ń ṣe nínú ọkọ̀ ayé àtijọ́, ó pọ́n, ó di bí ẹyín iná tó fẹ́ kú. Ẹ̀rọ ń kùn lọ ní tirẹ̀, kò yí ohùn padà.

"Àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Iná ọkọ̀ yìí ti wálẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì ò sáré ni."

"Ẹ̀rọ mi ò wálẹ̀."

Rewáyà ń wo ọkọ̀ ojú irin bí ẹni tó fẹ́ rà á. "Ọkọ̀ yín mọ ohun tó ṣe pàtàkì ni."

"Hẹn." Akọ̀wé wo wáyà dídán tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Mo pẹ́ ní kóòtù, àbúrò. Mo mọ bí ẹlẹ́rìí ṣe ń dáhùn."

"Ẹ ò wá ní dá mi lẹ́jọ́?"

"Ìyàwó rẹ wà níbẹ̀ nígbà tí o so ó?"

"Òun ló ń pe àwọ̀ fún mi."

"Ó dáa." Akọ̀wé fi ẹ̀yìn ti ìjókòó. "Jẹ́ ká máa lọ. Ọkọ̀ mi ló ń gbé mi lọ."

Nígbà tí wọ́n kọjá afárá, Akọ̀wé na ọwọ́ kọjá àyà àbúrò rẹ̀, ó fọn fèrè ọkọ̀, kúkúrú kan, gígùn kan. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé ìyá, ó yọ ọ̀pá kúrò nímú. Ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn láti ẹnu géètì dé ìdí bẹ́ǹṣì tí ìyá rẹ̀ jókòó sí, ó jókòó tì í. Rewáyà tẹ̀lé e. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí wọ́n má baà tún máa dúró dè é bí ó bá di kánkán.

Ìyá kò yíjú. "Ta ló wa ọkọ̀?"

"Àbúrò mi ni, ìyá mi."

"Mo gbọ́. Ó ń tẹ bíréèkì bí ẹni tó ń pa aáyán." Ó na ọwọ́. "Sún mọ́ mi, ìwọ tí o ní ọmọ mi lo jẹ́."

Ọwọ́ rẹ̀ gba iwájú orí Akọ̀wé, ó gba etí, ó dúró lórí ojú ibi tí ọ̀pá rọ́bà ti jin sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Kí lèyí?"

"Gíláàsì ni."

Ìka rẹ̀ tọ ipa náà lọ. "Abẹ́ imú ni gíláàsì ń gbà báyìí?"

"Ti ìgbàlódé ni."

 Ohùn Akọ̀wé ṣì tín-ín-rín, bíi ti orí fóònù gan-an. Akọ̀wé fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, èémí kò jẹ́. Rewáyà tó dúró lẹ́yìn wọn rí i pé ètè ẹ̀gbọ́n òun ti ń ṣú. Ó nà án lọ́wọ́ láti gbé e dìde, Akọ̀wé sì mi orí. Bí ó bá dìde báyìí, ohun tí ìyá yóò máa sọ fún gbogbo ènìyàn ni pé ẹnìkan wá, ó jókòó díẹ̀, ó sì sá lọ.

"Kí ló ń kùn nínú ọkọ̀ yẹn?" ni ìyá béèrè.

"Rédíò ni, ìyá mi," ni Rewáyà yára sọ.

"Kí ló ń sọ?"

"Ìròyìn ni."

Ìyá dẹ etí sí i fún ìgbà pípẹ́. Ó dẹ etí sí ọkọ̀, ó dẹ etí sí èémí tó ń já lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún dẹ etí sí ọkọ̀.

"Ìròyìn òde òní ò wá ní ọ̀rọ̀ nínú mọ́," ó ní. Ó wá ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. "Ẹ mú mi lọ síbẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìròyìn."

Rewáyà àti obìnrin tó ń tọ́jú ìyá mú àwọn méjèèjì lọ. Akọ̀wé padà sí ààyè rẹ̀. Ìyá jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ó di sítíárìn mú, ó kọjú síwájú bí ẹni pé wọ́n ń lọ sí ibìkan.

"Máa gbọ́ tìrẹ náà," ó sọ fún Akọ̀wé. "Má dá mi lóhùn. Ìròyìn ni mò ń gbọ́."

Akọ̀wé fi ọ̀pá sí imú. Rewáyà dúró síta, ó di ilẹ̀kùn mú, kò mọ ibi tí ó lè wò. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Kùrukùru ti ká kúrò. Nígbà tó ṣe, ètè Akọ̀wé padà sí àwọ̀ rẹ̀, àyà rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ìyá mi," ó ní. Ohùn náà jáde bí ó ti máa ń jáde ní kóòtù, ó wúwo, ẹnìkan tó ń kọjá lọ níta sì wo ẹ̀yìn.

Ìyá gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn, ó gbé e lé ọwọ́ rẹ̀.

"Ìwọ nìyí," ó ní.

Ó ké sí obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kí ó bu oúnjẹ wá, àti pé inú ọkọ̀ ni òun yóò ti jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán. Kò béèrè ibojì ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó pe Rewáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ lo fi rédíò yẹn sínú ọkọ̀?"

"Èmi ni, ìyá mi."

"O ṣe é dáadáa. Má jẹ́ kí ó dákẹ́ lọ́nà."

Wọ́n padà sílé láyọ̀ àti láìséwu, bátìrì abẹ́ ìjókòó kò sì já wọn kulẹ̀. Akọ̀wé ti ń pète ìrìn àjò ìparí oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìdààmú tuntun ti bá Rewáyà. Ìyá wọn ti ránṣẹ́ sí i láti ẹ̀yìn odò. Ó ní ẹ̀yìn òun kò gba ìjókòó ọkọ̀ mọ́, kí ó wá rédíò irú ti inú ọkọ̀ yẹn gan-an fún òun, kí ó gbé e sí yàrá òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kejì, kí ọmọ òun lè sùn mọ́jú níbẹ̀ nígbà tó bá wá. Ó ní òun kò fẹ́ èyí tó ń kọrin, òun kò sì fẹ́ èyí tó ń sọ̀rọ̀. Orúkọ tí Rewáyà fúnra rẹ̀ fún ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà ló fi ń wá a, ó sì ti yí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ká. Àwọn tó ń ta rédíò ń wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà, níbo ni wọ́n ti ń tà á?